Wáyà neutral: ìdí tí súìṣì smart fi ń wá a lẹ́yìn ògiri

Súìṣì smart, ìyẹn èyí tí a lè fi fóònù tàn kí a sì fi fóònù pa, sábà máa ń ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn: L, N àti L1. L ni live, ibi tí iná ń gbà wọlé. L1 ni ibi tó ń gbà lọ sí gílóòbù. N ni neutral, ọ̀nà tí iná ń gbà padà lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú súìṣì àtijọ́ kúrò lára ògiri, wáyà méjì péré ló sábà máa ń bá níbẹ̀.

Iná kì í ṣiṣẹ́ àfi tó bá rí ọ̀nà lọ, tó sì rí ọ̀nà bọ̀. Súìṣì lásán kò jẹ iná rárá. Live nìkan ló ń já, tó tún ń so. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wáyà ilé kì í fi í gbé neutral sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Òkè àjà, nídìí gílóòbù, ni wọ́n ń fi í sí, owó wáyà ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn, àti àwọn ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Súìṣì smart ní tirẹ̀ ní kọ̀ǹpútà kékeré àti rédíò nínú, tó ń dúró de fóònù yín kódà nígbà tí ẹ ti pa gílóòbù. Kò gbọdọ̀ má jẹun.

Ẹ má fi àwọ̀ wáyà ṣèdájọ́. Nínú ilé àtijọ́, pupa ni live, dúdú ni neutral. Nínú tuntun, búráùn àti búlúù. Síbẹ̀, wáyà dúdú lẹ́yìn súìṣì lè jẹ́ live tó ń padà lọ sí gílóòbù. Tẹ́sítà kò lè yanjú rẹ̀, live nìkan ló mọ̀. Mítà ni kí ẹ lò, lórí fóltì AC. Tí súìṣì bá wà ní pípa, mítà lè ka nǹkan bíi 230 láàárín wáyà méjèèjì, inú yín á sì dùn pé ẹ ti rí neutral. Ẹ̀tàn ni. Inú gílóòbù ni mítà ń gbà dé ọ̀dọ̀ neutral tó wà lókè. Ẹ yọ gbogbo gílóòbù tí súìṣì náà ń tàn, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: tó bá já wálẹ̀, live tó ń padà ni, tó bá dúró sí 230, neutral gidi ni. Lẹ́yìn náà, ẹ pa breaker kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹni tó bá so N àti L1 pọ̀ mọ́ wáyà tó ń padà yẹn lè rò pé ó ti bọ́ sí i. Súìṣì lè jí, kí fóònù rí i. Gbàrà tó bá tẹ "tan", kẹ́-kẹ́-kẹ́ ló máa gbọ́: súìṣì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so L àti N pọ̀, oúnjẹ rẹ̀ tán, ó kú, ó tún jí.

Irú kan wà tí kò béèrè N. Inú gílóòbù ló ń fa iná díẹ̀díẹ̀ gbà. Gílóòbù olókùn 60W kò mọ̀ ọ́n lára. LED 5W á máa ko iná náà jọ, á sì máa ṣẹ́jú lóru. Capacitor, ẹ̀yà kékeré kan tó ń gba iná díẹ̀ yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, tó sábà bá a wá nínú páálí, ni oògùn rẹ̀, òkè nídìí gílóòbù ni wọ́n sì ń so ó sí, láàárín L1 àti N. Zigbee, irú rédíò kan tí kì í jẹ iná púpọ̀, ni púpọ̀ nínú irú yìí ń lò, torí Wi-Fi máa ń jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó dára jù lójú tiwa ni kí ẹ gbé módù kékeré, ìyẹn súìṣì smart tó rí bí àpótí kékeré, sókè àjà, níbi tí neutral wà, kí súìṣì ògiri di bọ́tìnì lásán tó lọ sí ojú S1 àti S2 lára módù náà. Ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa: lórí àwọn kan, live kò gbọdọ̀ kan S1 àti S2, àwọn mìíràn, live gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jó.

Tí pípù inú ògiri bá ṣì láyè, ẹ fa neutral tuntun wálẹ̀, wáyà 1.5 mm². Ẹ má fi earth rọ́pò rẹ̀ láéláé: ọjọ́ tí earth bá já, ara fíríìjì lè gbé iná. Abẹ́ breaker kan náà pẹ̀lú live rẹ̀ sì ni kí neutral ti wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó rò pé òun ti pa iná lè fọwọ́ kan wáyà tó ṣì ń gbé e.