Bí Bátìrì Láptọ́ọ̀pù Tó Ti Kú Ṣe Ń Di Páwà Báǹkì

Bí láptọ́ọ̀pù bá ti di èyí tí kì í tàn mọ́ àfi tí wáyà rẹ̀ bá wà lára iná, bátìrì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, ẹ̀bi náà sì tọ́ sí i. Àmọ́ kì í sábà jẹ́ gbogbo bátìrì náà ló kú. Tí wọ́n bá la ike bátìrì gbọọrọ ti àtijọ́, ẹyọ bátìrì kéékèèké tó rí bí ọ̀pá ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ń pè ní 18650. Orúkọ náà kì í ṣe àdììtú: mìlímítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, mìlímítà 65 ni gígùn rẹ̀, òdo ìparí sì ń sọ pé ó rí roboto. (Láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ òde òní ń lo èyí tó rí pẹlẹbẹ bí àpò. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tìyẹn, ó sì léwu jù.)

Bí wọ́n ṣe to àwọn mẹ́fà náà ló ń pa wọ́n pọ̀. Méjì-méjì ni wọ́n so mọ́ra, wọ́n wá to ìsọ̀rí mẹ́ta náà tẹ̀lé ara wọn, orí èyí kan ìdí tọ̀hún. Fóltì 3.7 ni ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ìdí nìyẹn tí ara ike fi ń sọ 11.1. Bóòdù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Tí ìsọ̀rí kan bá ti rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbẹ nígbà tí wọ́n bá ń lò ó, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ kún nígbà tí iná bá ń wọlé. Bóòdù kò ní jẹ́ kí èyíkéyìí kọjá ààlà, nítorí náà yóò pa ilẹ̀kùn dé gbogbo ilé. Ẹyọ méjì ló ṣẹ̀, mẹ́fà ló jẹ ìyà.

Lílà á ni ibi tí jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ara ẹyọ 18650 ni nẹ́gétíìfù, àfi orí rẹ̀ kékeré yẹn nìkan, tó jẹ́ pósítíìfù. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló là wọ́n. Irin tó bá kan orí àti èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò ṣẹ́ná. Torí náà, ohun pẹlẹbẹ tí kò mú ni wọ́n fi ń ṣí ojú ibi tí ike ti pàdé, wọn kì í ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so àwọn ẹyọ pọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé e. Ẹyọ tí ọ̀rá rẹ̀ bá ya, wọ́n á wọ ọ̀rá tuntun fún un. Èyí tó bá ní ihò tàbí tó tẹ̀, ó di ìdọ̀tí.

Mítà tó ń wọn fóltì ló ń ṣe ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ẹyọ tó bá ṣì wà lókè fóltì 3, ìrètí wà. Èyí tó bá ti wà nísàlẹ̀ 2 fún ìgbà pípẹ́, wọn kì í gbìyànjú láti jí i, bó ti wù kó mọ́ lójú. Bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti ń yọ́ sínú omi rẹ̀. Nígbà tí iná bá tún wọlé, bàbà náà yóò tún dì síbi tí kò yẹ, ó sì lè di afárá láti ìhà kan sí ìkejì láìsí ẹni tó rí i.

Ṣùgbọ́n fóltì kì í sọ iye tí ẹyọ lè gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí. Wọ́n ní láti kún un dé 4.2, kí wọ́n sì máa fọwọ́ kàn án: èyí tó bá gbóná nígbà tí iná ń wọlé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn yòókù á wá wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìṣe nǹkan kan. Èyí tó bá ṣì wà lókè 4.1 dára, èyí tó bá ti sọ̀ sí 4 tàbí kéré sí i ń jò láti inú. Kò sí mítà olówó iyebíye tó lè ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún un kún, wọ́n á máa fa ìdajì áńpíà (0.5) jáde lára rẹ̀ títí yóò fi dé fóltì 3, wọ́n á ka wákàtí. Wákàtí 3.6 túmọ̀ sí 1,800 mAh (mílíáńpíà-wákàtí, ìwọ̀n iye iná tí ẹyọ lè gbà), èyí tí kò burú rárá fún ẹyọ tó jẹ́ 2,200 nígbà tó wà ní tuntun.

Nínú páwà báǹkì, orí pẹ̀lú orí, ìdí pẹ̀lú ìdí ni wọ́n ń so wọ́n. Fóltì wọn gbọ́dọ̀ bára mu kí wọ́n tó pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó kún yóò da iná sínú èyí tó gbẹ láìsí ìjánu. Àpótí onísípíríǹgì ló dára jù fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fi iná lẹ irin mọ́ ẹyọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ooru irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé ń ba inú ẹyọ jẹ́.

Bóòdù TP4056 ni ọ̀pọ̀ ń lò láti kún un. Ó ń gba fóltì 5 láti wáyà USB, ó ń tú áńpíà 1 sínú bátìrì títí yóò fi dé 4.2, lẹ́yìn náà ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró nígbà tó bá ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Irú èyí tó ní ẹ̀ṣọ́ lára ló yẹ ní rírà. Òun ló ń gé iná nígbà tí bátìrì bá sọ̀ sí nǹkan bíi 2.4. Ẹyọ mẹ́rin oní-1,800 yóò gbà ju wákàtí méje lọ kó tó kún. Tí fóònù bá sì ń fa iná lára rẹ̀ lákòókò kan náà, bóòdù kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Bóòdù kejì ló ń gbé 3.7 sókè sí 5 fún fóònù, ó sì ń gba owó ibodè. 7,200 mAh lórí 3.7 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 26.6. Tí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá bá ooru lọ, 24 ló kù, ìyẹn 4,800 mAh péré lórí fóltì 5. Ìṣirò kan náà ló fà á tí páwà báǹkì inú ṣọ́ọ̀bù kì í fi í kún fóònù tó iye ìgbà tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ń dọ́gbọ́n sọ.

Àwọn ẹyọ tí wọ́n kọ̀ kì í bá ilẹ̀ lásán lọ. Wọ́n á fi téèpù bo orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fara kan ara wọn, wọ́n á kó wọn sínú agolo jìnnà sí ohun tó lè jó, títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba bátìrì àlòkù.