Wọ́n ní pléètì ló jẹ, ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ló ń ké

Nígbà ọyẹ́ èṣí, Nissan Sunny mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbàkígbà tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Wíín, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo látọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Mẹkáníìkì kan ní Kàbbà ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní, "Ọ̀gá mi, pléètì ti jẹ tán, ẹ lọ ra sẹ́ẹ̀tì." Pléètì ni awo inú kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí jíábọ́ọ̀sì; sẹ́ẹ̀tì ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tà. Gbogbo awakọ̀ tó wà níbẹ̀ ló mi orí. Èmi náà gbà. Àìlówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ló yọ mí.

Pléètì tó bá jẹ kì í sábà ké, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀. Ẹ ń gun òkè, ẹ tẹná, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, mọ́tò ò sì lọ. Kò ní pẹ́ tí òórùn nǹkan tó ń jó á gba inú ọkọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì ná. Kí ẹnì kan máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tún lọ tẹ́tí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì ń ké, kì í ṣe bíárìn tó ń yí ló ń ké, torí kò sí ohun tó ń yí. Búṣì, òrùka kékeré ibi tí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì so kọ́ ni, tàbí wáyà tó ń fà á, tàbí ibi tí fọ́ọ̀kì, irin tó ń ti bíárìn kílọ́ọ̀ṣì, jókòó lé. Ní tèmi, eruku ojú ọ̀nà Ọbajánà ti pò mọ́ gírísì àtijọ́ lára búṣì, ó le kókó. Mo fi àkísà nù ún, gírísì tuntun tí kò ju orí ìka lọ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń ké, ẹ fi jíà sí fíríì. Tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì, rilíìsì bíárìn, èyí tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kó lè tú, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ìgbà yẹn lẹrù ń wọ̀ ọ́ lára. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ló ń dún, tó sì dákẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ wo bíárìn inú jíábọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀tì kílọ́ọ̀ṣì tuntun ò ní wo ìyẹn sàn.

Mi ò ní pe àwọn mẹkáníìkì lónírọ́ pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, àfi kí wọ́n sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó kan rilíìsì bíárìn. Ẹni tó bá pààrọ̀ bíárìn nìkan, tó dá pléètì ògbólógbòó padà, lè tún san owó iṣẹ́ kan náà láìpẹ́. Àwọn tó ń da ọ́ìlì síbẹ̀ kó lè dákẹ́ ni mi ò lè gbà fún. Ọ́ìlì tó bá kan pléètì, yíyọ̀ ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kó èrò lọ sí Ìsánlú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Rilíìsì bíárìn rẹ̀ ti ń dún báyìí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀." Wọ́n ní ibo ni kí àwọn wá gbé e sí.