Ìbẹ̀rẹ̀ Ìṣirò Kọ̀ǹpútà lórí Èédú àti Gáàsì NO

Ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ NO, gáàsì tí nàítírójìn kan àti ọ́síjìn kan so pọ̀ di, ti kọ́kọ́ di ariwo. Ní àwọn ọdún 1940, kùrukùru kan tó ń ta ojú, tó sì ń ba ewé ọ̀gbìn jẹ́, a máa bo ìlú náà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Caltech, yunifásítì kan ní California, fi hàn pé ìtànṣán oòrùn ló ń mú kí àwọn gáàsì tí nàítírójìn àti ọ́síjìn para pọ̀ di, àti èéfín epo tí kò jó tán, para pọ̀ di ósóònù, gáàsì kan tó wà nínú kùrukùru náà. Láti ìgbà náà ni NO ti di ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Ti èédú tilẹ̀ ya ni lẹ́nu. Iná èédú ló ń bí NO, èédú náà ló sì tún lè pa á run: bí NO bá kan kábọ́ọ̀nù tó gbóná janjan, kábọ́ọ̀nù á gba ọ́síjìn ọwọ́ rẹ̀, á bá a lọ gẹ́gẹ́ bí CO tàbí CO2 (gáàsì tí kábọ́ọ̀nù kan àti ọ́síjìn kan tàbí méjì so pọ̀ di), àtọ́ọ̀mù nàítírójìn méjì á sì so pọ̀ di N2, gáàsì tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àwọn onímọ̀ lè wọn ohun tó wọ ààrò àti ohun tó jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ létí kábọ́ọ̀nù gan-an yára ju ohun tí wọ́n lè tẹ̀ lé ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀.

Ìrànwọ́ ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní 1964, Pierre Hohenberg àti Walter Kohn fi ẹ̀rí hàn pé bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń so àtọ́ọ̀mù pọ̀, ṣe ṣù tàbí fọ́n ká lára nǹkan ti tó láti mọ agbára inú rẹ̀. Ní 1965, Kohn àti Lu Sham sọ ọ́ di ohun tí a lè ṣírò. Ní 1970, àwọn John Pople gbé Gaussian jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú ìṣirò kẹ́mísírì báyìí. Kohn àti Pople ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 1998.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Chen àti Ralph Yang, ní Yunifásítì Michigan, tẹ iṣẹ́ tí èmi kà sí ìpìlẹ̀ gan-an jáde. Gráfáìtì, kábọ́ọ̀nù tó tò ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi ń ṣojú èédú. Pẹlẹbẹ rẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí ìṣirò lè gbé lódindi, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gé díẹ̀, bí ẹni gé etí aṣọ wò kó tó ra odidi. Èwo ni kí á wá gé? Wọ́n fi oríṣiríṣi wéra, wọ́n sì yan C25H9: kábọ́ọ̀nù 25, pẹ̀lú háídírójìn 9 tí wọ́n fi dí àwọn ẹ̀gbẹ́ yòókù, kí etí kan lè wà ní ìhòòhò fún gáàsì láti bà lé. Ìṣirò wọn fi hàn pé ọ́síjìn tó bá gun orí pẹlẹbẹ náà, tó jókòó sáàárín kábọ́ọ̀nù méjì, a máa sọ ìdè tó so kábọ́ọ̀nù etí mọ́ ara pẹlẹbẹ di aláìlágbára, CO á sì tètè já kúrò.

Ní 1999, Kyotani àti Tomita, ní Yunifásítì Tohoku ní Jàpáánì, gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lé NO àti N2O, gáàsì tó ní nàítírójìn méjì àti ọ́síjìn kan. Lẹ́yìn wọn ni Montoya, Mondragón àti Truong, láti Kòlóńbíà àti Utah, ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí NO bá pàdé nàítírójìn tó ti wà lára èédú tẹ́lẹ̀. Ní 2005, Radovic àti Bockrath tún da omi tútù sí ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ nípa etí yẹn: wọ́n ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ kò dá wà lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti rò, pé méjì-méjì ni kábọ́ọ̀nù etí máa ń ní in láìsomọ́ ohunkóhun, èyí tó mú kí ó pọn dandan láti kọ́kọ́ pinnu ètò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù etí náà kí NO tó dé ibẹ̀ rárá.