Bóòtù Tó Já Lóru Láìsí Ẹni Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mẹkáníìkì típà ni mí ní Làfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta níbí. Ìpẹtà bo bóòtù mẹ́rin kan, mo bá rẹ wọ́n sínú omi bátìrì mọ́jú. Wọ́n mọ́ fínnífínní. Mo fi sípánà dè wọ́n pinpin. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, orí méjì ti já, típà ò sì kúrò lójú kan. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Omi bátìrì yẹn ni mo fura sí o, kì í ṣe ẹni tó tà á. Ásíìdì ni. Tó bá jẹ ìpẹtà tán, irin gan-an ló kàn, háídírójìn, gáàsì kan tó wà nínú ásíìdì, á sì máa tú sílẹ̀. Òun ló ń hó tí ẹ ń rí. Méjì-méjì ló ń so pọ̀ kó tó hó jáde, ṣùgbọ́n àwọn kan á ti wọnú irin kí wọ́n tó rí ẹnìkejì. Átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kéré gan-an o. Bí ọmọdé ṣe ń gba abẹ́ apá àgbà kọjá lọ́jà Ìtòkú, bẹ́ẹ̀ ló ń gba àárín irin kọjá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí kò já nígbà tí mò ń dè é?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ni háídírójìn ń rìn nínú irin, ibi tí irin bá ti ń fà jù ló sì ń lọ: abẹ́ orí bóòtù, àti inú àwọn ilà wẹ́wẹ́ tí nọ́ọ̀tù ń yí gùn. Tó bá kóra jọ síbẹ̀, irin á sán fín-ín. Á tún kóra jọ sẹ́nu ibi tó sán, irin á tún sán sí i, títí ìyókù ò fi ní lè gbé ẹrù mọ́. Ó lè gba wákàtí, ó lè gba ọjọ́. Ẹ wo ojú ibi tó já: kò fà gùn, kò tẹ́ẹ́rẹ́, bí àwo tánganran ló ṣe já.

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n de ọ̀pá irin ńláńlá 96 lórí afárá tuntun kan ní San Francisco, Amẹ́ríkà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, 32 ti já. Háídírójìn ni àwọn olùwádìí dá lẹ́bi.

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo omi bátìrì, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìdáhùn: Bóyá irin rírọ̀ lẹ ń fọ̀. Bí irin bá ṣe le tó ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ tó. Bóòtù tí wọ́n kọ 10.9 tàbí 12.9 sí lórí, àmì irin líle nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ásíìdì kàn án.

Ìbéèrè: Méjì tó kù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ wọ́n kí típà náà tó gbé òkúta. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kun bóòtù líle ní síǹkì máa ń yá a nínú ààrò, ní nǹkan bí 200°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí háídírójìn lè jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Èyí tó bá ti sán nínú, iná ò lè wò ó sàn. Ẹ ra tuntun. Tí ìpẹtà bá tún dé, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni kí ẹ fi ha á.