Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní òfin tí kì í fi í di àkọ́sórí

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lè ka oríṣi ẹ̀tọ́ tí aráàlú ní láti orí dé ìdí nínú ìdánwò. Tí ọlọ́pàá bá wá dá wọn dúró lọ́nà, wọn ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wọn ló fà á.

Lọ́dún 1972, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Georgetown, nílùú Washington, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama lọ láti kọ́ àwọn ọmọ ní òfin tó kan ìgbésí ayé wọn: ọ̀rọ̀ ilé gbígbà, ọjà rírà, ìgbéyàwó, ọlọ́pàá. Street Law ni wọ́n pe ètò náà, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Wọn kì í fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro ni wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn ọmọ. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ rèé: ìjọba ìlú gbé pátákó síwájú ọgbà ìgbafẹ́ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Áńbúláǹsì tó gbé ẹni tó ń kú lọ ńkọ́, tó sì jẹ́ pé inú ọgbà yẹn ni ọ̀nà ti yá jù? Ọmọdé tó gun kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ọkọ̀ akólẹ̀ ńkọ́? Ariwo á sọ ní kíláàsì. Àwọn kan á ní òfin ti sọ̀rọ̀, ó parí. Àwọn míì á ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ibi tí olùkọ́ ń fẹ́ kí wọ́n dé nìyẹn: èèyàn ló kọ òfin, nítorí ohun kan ni wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n sì lè tún un kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kan ẹjọ́ gidi. Ní December 1965, nílùú Des Moines ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan so aṣọ dúdú mọ́ apá lọ sílé ìwé láti fi hàn pé àwọn ò fara mọ́ ogun Vietnam. Ọmọ ọdún 13 ni Mary Beth Tinker, tó wà lára wọn. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé. Olùkọ́ á sọ ìtàn náà débẹ̀, á sì dákẹ́. Á pín kíláàsì sí mẹ́ta: agbẹjọ́rò àwọn ọmọ, agbẹjọ́rò ilé ìwé, àti adájọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ro ẹjọ́ tán tí wọ́n sì dá a ni wọ́n tó máa gbọ́ pé lọ́dún 1969, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn ọmọ láre. Wọ́n á tún gbọ́ ohun tí àwọn méjì tó kù sọ, torí ó ṣe pàtàkì kí wọ́n rí i pé adájọ́ náà máa ń yapa.

Lọ́dún 1986, ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní Durban, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì ń fojú aláwọ̀ dúdú gbolẹ̀ ní South Africa. Kíkọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀ gba ìgboyà.

Ẹ̀rù tó máa ń ba òbí ni pé olùkọ́ lè fi ẹ̀gbẹ́ òṣèlú tiẹ̀ kọ́ ọmọ àwọn. Ìlànà tí àwọn ará Jámánì fẹnu kò lé lórí ní Beutelsbach lọ́dún 1976 wúlò níbí: olùkọ́ kò gbọdọ̀ ti èrò tirẹ̀ bọ ọmọ lọ́kàn, ohun tí àwọn àgbà bá sì ń jiyàn lé lórí níta, kó gbé e kalẹ̀ bí àríyànjiyàn.

Wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà náà ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe aráàlú, ohun èlò sì pọ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀, àti pé láàárín wákàtí 24, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un ní èdè tó gbọ́. Tí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni òfin fún wọn láti gbé e débẹ̀. Olùkọ́ lè fi ìbéèrè kan péré bẹ̀rẹ̀ kíláàsì: ilé ẹjọ́ wo ló sún mọ́ wa jù, báwo ló sì ṣe jìnnà tó?