Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Pé "Ènìyàn Ni Wá Ná"?

Bí ẹ bá bi ará Sweden léèrè ibi tí ẹgbẹ́ tí àwọn tí nǹkan máa ń pẹ́ yé fi ń gbẹnu sọ fún ara wọn ti ṣẹ̀ wá, Bengt Nirje ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọkùnrin náà ń bá ẹgbẹ́ àwọn òbí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960, ó kó àwọn ọ̀dọ́ inú wọn jọ, ó sì ń kọ́ wọn bí a ti í ṣèpàdé àti bí a ti í dìbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó lé e tó sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ìlú Salem, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ìjọba Oregon ṣí ilé kan sí Salem ní 1908, Fairview ni wọ́n wá ń pè é nígbà tó yá. Èébú ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Bí mo bá fẹ́ rọra túmọ̀ rẹ̀, "ilé àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé" ni. Ọmọdé á wọbẹ̀, á dàgbà síbẹ̀, òmíràn á sì kú síbẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń mú aṣọ tí yóò wọ̀, kì í ṣe òun ló ń sọ ìgbà tí ebi ń pa á. Wọ́n fi òfin sọ ọ̀pọ̀ wọn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Ọdún 2002 ni John Kitzhaber, gómìnà Oregon nígbà náà, tó tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti ń ṣe báyìí fún ogún ọdún, níbo ló ti fẹ́ rí ẹnu tí yóò fi sọ pé "mi ò fẹ́"?

Oṣù kọkànlá 1973 ni ọ̀nà là. Wọ́n pe àpérò kan ní British Columbia, ní Kánádà, òṣìṣẹ́ Fairview mẹ́ta àti olùgbé ibẹ̀ méjì sì lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ló gba ọ̀rọ̀ sọ, àwọn tí wọ́n torí wọn pe àpérò ń wò wọ́n lẹ́nu. Èmi gbà pé ojú ọ̀nà àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, ó ré ààlà orílẹ̀-èdè kọjá, àwọn méjì yẹn sì ti sùn ní yàrá tí kì í ṣe ti Fairview. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti sọ pé, "Àwa náà lè ṣe irú èyí, yóò sì dára jù báyìí lọ," kí àwọn òṣìṣẹ́ sì dákẹ́, kí wọ́n má bá a jiyàn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti bí ẹgbẹ́ náà.

Èyí tó dájú ni pé ní oṣù kìíní 1974, wọ́n jókòó láti ṣètò àpérò tiwọn. Nígbà tó kan orúkọ, ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe àwọn ti sú òun, pé kí àwọn tó jẹ́ ohunkóhun mìíràn, ènìyàn làwọn. Bó ṣe di People First nìyẹn. Mo ti wá bí mo ṣe máa tú u sí Yorùbá títí, "ná" ló yọ mí. "Ènìyàn ni wá ná": ìyókù lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a yàn ni ènìyàn. Àwọn onímọ̀ èdè lè máa yínmú sí i, ẹ̀yìn àgbà ni mo wà. Àwa náà kò kúkú mọ́ nínú ọ̀ràn orúkọ yìí. Agboolé tí wọ́n ti ń pe àfín àti abuké ní ẹni òrìṣà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ tí ìwé kò tètè yé ní olódo, ní ọ̀dẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 1974, ènìyàn 560 ló ya dé Otter Crest létí òkun Oregon, wọ́n pọ̀ ju iye tí àwọn olùṣètò retí lọ dáadáa. Valerie Schaaf ni ààrẹ àkọ́kọ́. Àwọn tí wọn kò tíì sọ̀rọ̀ lójú àwùjọ rí di gbohùngbohùn mú. Ẹ má fojú kékeré wo gbohùngbohùn o. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kì í padà sílé bákan náà. Ẹni tó ti dìbò nípàdé á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nílé pé owó òun dà; ẹni tó ti ṣe akápò á ní òun fẹ́ dá wọ bọ́ọ̀sì. Olùrànlọ́wọ́ tó bá wọn lọ sípàdé, bó bá mọṣẹ́, á jókòó sẹ́yìn, kò ní dìbò, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni parí gbólóhùn. Iṣẹ́ tó le nìyẹn, pàápàá fún ẹni tó lẹ́nu.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn ará Ìlú Ọba lọ sí ìpàdé àgbáyé irú ẹgbẹ́ yìí ní Tacoma, ní Amẹ́ríkà, ní 1984, wọ́n padà dé, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2010, òfin tí wọ́n ń pè ní Rosa's Law yọ "mental retardation", orúkọ tó ti di èébú, kúrò nínú ọ̀pọ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Fairview ti kógbá sílé ní 2000. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Grunden ní Göteborg, ní Sweden tí Nirje ti ṣiṣẹ́ gan-an, jáde kúrò lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣe àkóso ara àwọn.