Ukulélé bárítòn: kí ló dé tí ìka kan náà ń mú kọ́ọ̀dù mìíràn jáde?

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lágéré, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ló ra ukulélé bárítòn àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ sókè òkun. Ukulélé ni ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tó dà bíi gìtá kékeré; bárítòn jẹ́ èyí tó tóbi lára wọn. Sòpúránò, èyí kékeré, ló ti máa ń fi ìka ta tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè rẹ̀ ò ti tán lórí WhatsApp. Mo ṣa àwọn tó lè wúlò fún ẹlòmíràn síbí.

Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ kọ́ọ̀dù C (àwọn ohùn tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ C kọ́ ló dún. Àbí wọ́n ti ta ẹrù tó bàjẹ́ fún mi ni?

Kò bàjẹ́. Okùn mẹ́rin ló wà lára méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ ohùn tí wọ́n yí wọn sí yàtọ̀. G, C, E, A ni ti sòpúránò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti concert àti tẹ́nọ̀, àwọn ukulélé tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. D, G, B, E ni ti bárítòn. Tú okùn méjì tó dún nísàlẹ̀ jù kúrò lára gìtá, mẹ́rin tó bá ṣẹ́kù ni bárítòn rẹ yẹn. Gbé e fún ẹnikẹ́ni tó ń ta gìtá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní OAU, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ kó tó máa tà á lọ.

Fi tonic sol-fa tí ẹ fi ń kọ́ orin ní kúáyà wò ó. Ibi tí ìka rẹ ti ń pe dò lórí èyí kékeré, sò ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí lórí bárítòn. Torí náà ìka C (bí o ṣe ń to ìka fún C lórí sòpúránò) di G, ìka F di C, ìka G7 di D7, ìka Am di Em. Tí o bá fẹ́ fi etí ara rẹ gbọ́ ọ, ta okùn tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lára bárítòn, kí o wá ta èyí tó wà lókè okùn tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lára sòpúránò. E kan náà ni wọ́n, wọn ò ga jura wọn lọ.

Ṣé gbogbo kọ́ọ̀dù ni mo wá fẹ́ tún kọ́ ni?

Rárá o. Orúkọ ni wàá kọ́, ìka ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tó ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí ẹ bá pọ̀. Ká ní orin wà ní kíì C, ìyẹn pé C ni dò rẹ̀, o sì fi ìka C, F àti G7 àtijọ́ tà á. Lójú ara rẹ, ohun gbogbo ń lọ geere, ṣùgbọ́n kíì G lo wà, ẹni tó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù sì wà ní C. Ẹ̀yin méjèèjì á wá máa jà létí ìjọ.

Tó bá jẹ́ C gan-an lo fẹ́, ìka F, B♭ àti C7 ni kí o lò. C, F àti G7 ni wọ́n máa dún. Wo ìka F yẹn dáadáa: ìka àárín wà ní fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kejì lórí okùn tó sún mọ́ ojú rẹ jù, ìka ìfábẹ̀lá sì wà ní fúrẹ́ẹ̀tì kìíní lórí okùn kẹta láti òkè. O ti tẹ èyí títí o ò fi wo ibẹ̀ mọ́. C ló ń jẹ́ báyìí. B♭ nìkan ló máa yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà ló sì ń yọ gbogbo ayé lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì yín kì í béèrè kíì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á ti dá a tán kí o tó wá a rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o di kíì méjèèjì yìí mú kí o tó lọ sórí òmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú fún okùn rẹ̀ le títí á fi di G, C, E, A.

Má dán an wò. Láti D dé G kì í ṣe kékeré: tí o bá fún okùn kan náà tó bẹ́ẹ̀, agbára tó fi ń fa igi á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lé sí ti tẹ́lẹ̀. Gúlúù ló di igi tí wọ́n so okùn mọ́ níwájú yẹn mú. Bí okùn ò bá já, igi yẹn lè ṣí. Àwọn kan ń ta okùn tí wọ́n dìídì ṣe fún G, C, E, A lórí bárítòn, ìyẹn dára. Àmọ́ tí a bá ń sọ òótọ́, kí lo wá fẹ́ ra bárítòn fún?

Okùn méjì lára rẹ̀ dà bí irin. Ṣé mo lè fi okùn gìtá onírin rọ́pò wọn?

Ọ̀rá ló wà nínú wọn, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi wé e. Má fi okùn gìtá onírin sí i láéláé. Okùn gìtá ọlọ́ràá, D, G, B, E rẹ̀, lè gbà ọ́ sílẹ̀ tí o ò bá rí ti bárítòn rà, ṣùgbọ́n á rọ̀ díẹ̀, nítorí ibi tí okùn ti ń dún lára gìtá gùn tó 65 cm, ti bárítòn ò sì ju nǹkan bí 50 cm lọ.

Ìka mi ń ro mí.

Á ro ọ́. Láti orí ọrùn dé fúrẹ́ẹ̀tì kẹta lórí sòpúránò, bíi 5.5 cm ni. Lórí bárítòn, 8 cm ni. Gbé àtàǹpàkò rẹ sí àárín ẹ̀yìn ọrùn, má fi há a mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Kí ló dé tí kò ń dún yẹ̀ẹ́yẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀? Bí mo ṣe ń gbá a náà ni mo ṣì ń gbá a.

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Lórí sòpúránò, okùn tó sún mọ́ ojú rẹ jù kọ́ ló dún nísàlẹ̀ jù. G tó ga ni, C tó tẹ̀ lé e ló wà nísàlẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá sọ̀ kalẹ̀, òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó já sísàlẹ̀, ó tún gun òkè. Gbogbo ohùn náà sì sún mọ́ra wọn gádígádí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín inú ukulélé ti ń wá. Bárítòn kò ní ìyẹn: láti D ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè lọ tààrà. Gbígbá tó yá kánkán tí o mọ̀ sórí sòpúránò á kàn di ariwo lórí rẹ̀.

Omele ni sòpúránò, bárítòn ni ìyáàlù. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyáàlù lu ohun tí omele ń lù. Fi àtàǹpàkò ta D tàbí G nìkan, dúró díẹ̀, kí o wá fi ìka mẹ́ta yòókù fa okùn mẹ́ta ìsàlẹ̀ pọ̀. Jẹ́ kí okùn dún tán. Orin ìyìn tó ń lọ jẹ́jẹ́ á bọ́ sí i lára gan-an, o sì lè máa ta ohùn orin fúnra rẹ̀ láàárín kọ́ọ̀dù, èyí tó ṣòro lórí G tó ga yẹn.

Ta ló tiẹ̀ ṣe é?

Àwọn ará Madeira, erékùṣù àwọn Potogí, tí ọkọ̀ ojú omi Ravenscrag gbé dé Honolulu ní 1879, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ukulélé ní Hawaii. Kábíńtà mẹ́ta wà lára wọn. Bárítòn kéré lọ́jọ́ orí sí i dáadáa. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ló jáde ní Amẹ́ríkà, Arthur Godfrey tó ń tà á lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n.

Ṣé mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ tó ní sòpúránò lọ́wọ́?

O lè fi kọ́ wọn, àmọ́ má ṣe é lófìfo. Bí wọ́n bá rí ìka C lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n gbọ́ G, o ti ba tiwọn jẹ́. Wá kápò, nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń há ọrùn gìtá, kí o há a sí fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún. G, C, E, A ló dà yẹn, G rẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ohun tí ojú wọn bá rí àti ohun tí etí wọn bá gbọ́ á wá bára mu, ohùn orin náà ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀fun ọmọdé lè dé. Tí kíláàsì bá tú, yọ kápò náà kí o máa ta tìrẹ.